Ìṣó Àna Lára Ọ̀gànwó

Jíbrílù kì í fi téèpù wọn igi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlagi ní Òkòbàbà, níbi tí wọ́n ti ń yí gẹdú láti inú ọ̀sà wá sórí ilẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ kò sì ju kó wo igi kó sọ iye tó tó lọ. Á rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, á fi ẹsẹ̀ tì í wò, á gbá a pẹ́pẹ́ bí ẹni gbá ọmọ tó ṣe dáadáa lẹ́yìn, á sì dá owó. Ẹni tó bá bá a jiyàn á lọ mú téèpù wá, téèpù á sì gbè sẹ́yìn Jíbrílù. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kò rí igi wò mọ́ àfi àga àti tábìlì onílé. Bó bá lọ kí ènìyàn, kó tó jókòó, á ti sọ fún un pé igi arère ni wọ́n fi ṣe àga rẹ̀, wọ́n kàn kùn ún ní àwọ̀ ọ̀gànwó ni. Wọn kì í sábà pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀ka ọ̀gànwó tó wà láàárín agbo ilé àna rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ya lọ́jọ́ òjò àkọ́rọ̀, tó sì já lu òrùlé yàrá Màmá Memunat, Jíbrílù wà lára àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀. Màmá ni ìyá Hàwáwù, ìyàwó rẹ̀. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọpẹ́lọpẹ́ pé ilé aládùúgbò ló wà tó ti ń dirun nígbà tí páànù fọ́. Jíbrílù bá wọn kẹ́dùn dáadáa. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí irú ẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ ń gun igi náà lọ sókè díẹ̀díẹ̀.

Pé igi náà gbọ́dọ̀ wálẹ̀, gbogbo ilé gbà. Ọ̀rọ̀ òrùlé ni wọn kò fẹnu kò lé lórí. Muqtadir, àbúrò Hàwáwù, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Màmá bí, lọ́yà ni. Igbosere ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, Ìkòyí ló sì ń gbé. Ó ní òun kò ní ná kọ́bọ̀ sórí ilé tó ti gbó, yàrá wà fún Màmá lọ́dọ̀ òun, pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù àti omi gbígbóná. Màmá ní òun ti lo ọjọ́ mẹ́rin ní Ìkòyí rí, kò sẹ́ni tó kí òun káàárọ̀ àfi máígáàdì, ojú fèrèsé ni máígáàdì náà sì ti ń kí òun. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí òun tó parí àlùwàlá àárọ̀, ènìyàn mọ́kànlá á ti béèrè bí òun ṣe sùn. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí. Níkẹyìn, Muqtadir bá ìyá rẹ̀ ṣe àdéhùn bíi lọ́yà tó jẹ́: bí owó igi bá tó kan òrùlé, kí wọ́n kàn án, kí ọ̀rọ̀ Ìkòyí sì tán, bí kò bá tó, kí Màmá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Káfíńtà ti ní òrùlé náà, àti igi, àti páànù, àti iṣẹ́ ọwọ́, yóò gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.

Ni gbogbo wọn bá kọjú sí Jíbrílù. Ó dúró sẹ́nu géètì, ó wo ọ̀gànwó náà láti ìdí dé orí, ó ní kò lè dín ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin. Màmá bi í bóyá ó dá a lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ojú òun ni téèpù. Màmá ní ó tán, òun fara mọ́ àdéhùn náà, àna òun kò ní tan òun jẹ.

A máa ń sọ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ dá owó lé igi kì í wò ó láti ẹnu géètì, Jíbrílù sì mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó ní ohun tó fà á tí kì í fi í sún mọ́ igi yẹn, láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn.

Àwọn agégi dé lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n fi okùn sọ ẹ̀ka kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí àwọn ilé tó há mọ́ra, wọ́n gé ìdí igi náà ní ìwọ̀n orúnkún, wọ́n sì gé e sí ìtì mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àlàmísì, Adolphus wá wò ó. Pópó Àgùdà ni Adolphus ti wá, àwọn bàbá ńlá rẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Brazil. Abẹ́ Jíbrílù ló ti kọ́ igi wíwò ní Òkòbàbà kó tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, Jíbrílù fúnra rẹ̀ ló sì pè é, torí ó ní ẹni tó mọ igi ni kó ra igi. Adolphus kí Màmá lórí ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ tapólì, ó kí Hàwáwù, ó kí Muqtadir. Ó mú téèpù jáde nínú àpò rẹ̀, ó mú òòlù. Lẹ́yìn náà ló mú òòfà kan jáde, irin tó máa ń fa irin mọ́ra, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn àtijọ́, ó ti so ó mọ́ okùn.

Jíbrílù bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

"Bàbá Azeemah," Adolphus ní, torí Azeemah ni àkọ́bí Jíbrílù, "igi àgbàlá ni."

Láàárín àwọn onígẹdú, ọ̀rọ̀ yẹn tó gẹ́gẹ́ bí ìwàásù. Igi inú igbó kò mọ̀ ju ẹ̀gún lọ, ṣùgbọ́n igi tó dàgbà láàárín ènìyàn ti jẹ irin. Wọ́n á kan ìṣó mọ́ ọn láti ta okùn aṣọ, wọ́n á kan ìṣó mọ́ ọn láti gbé àtùpà kọ́, èèpo á sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí ayùn ẹ̀rọ bá pàdé ìṣó ogún ọdún nínú igi, ayùn á fọ́, owó ayùn sì lè ra ọ̀kadà. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Jíbrílù ló ń dá irú igi bẹ́ẹ̀ padà. Ó ti dá ti opó padà, ó ti dá ti pásítọ̀ padà, ó sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ fi dáná.

Ìṣó tó wà lára ọ̀gànwó yìí sì kọjá ti okùn aṣọ. Nínú agbo ilé náà, bí wọ́n bá fọmọ fọ́kọ, Iléyá àkọ́kọ́ lẹ́yìn nìkáì, ọkọ á fa àgbò wá fún àwọn àna, á sì kan ìṣó tirẹ̀ mọ́ ọ̀gànwó láti so àgbò náà. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ló ní ojú tirẹ̀ lára igi. Àna kan kò gbọ́dọ̀ so àgbò mọ́ ìṣó àna mìíràn, ìtìjú ni. Bí èèpo bá sì ti gbé ìṣó mì, á tún kan òmíràn sí ojú kan náà lọ́dún tó bá wá. Ó ti tó àádọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Ojú tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà Màmá, ti Hàwáwù ni.

Adolphus bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ta téèpù yí ìtì tó wá láti ìdí igi ká, ó ní ojú ọ̀gá òun kò tíì bàjẹ́, ó fi díẹ̀ péré yàtọ̀. Ó fi òòlù gbá àwọn ìtì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tẹ́tí sí wọn. Èyí tó wá láti orí ti lọ́, èyí tó wá láti àárín ní ihò nínú ọkàn rẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn lè wọ̀. Ìdí igi ni owó wà, gbogbo onígẹdú ló mọ̀. Nígbà tó dé ìdí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tẹ̀lé àwọn ìlà kan ní ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Wọ́n dúdú bí aró ẹ̀lú. Ibi tí irin bá ti ń bá omi igi jà nínú, ibẹ̀ ló máa ń dúdú bẹ́ẹ̀. Ó gbé òòfà rìn lára èèpo, òòfà fò mọ́ ọn. Ó gbé e síwájú, ó tún fò mọ́ ọn. Nígbà tó ka mẹ́sàn-án, ó ká okùn òòfà rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì dìde.

Ó ní òun lè fún wọn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà fún gbogbo rẹ̀. Mọ́tò kò lè wọ àdúgbò náà, ọmọlanke mẹ́rin ni yóò gbé e dé títì, ní ti ìtì ìdí igi tí ìṣó kún inú rẹ̀, àwọn tó ń yan ẹja ni òun yóò tà á fún. Muqtadir fa fóònù rẹ̀ yọ. Ó ní òun ti wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń ta irú igi yìí ní Amẹ́ríkà. Adolphus bi í tìtẹríba-tìtẹríba bóyá ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ yóò gbé e lọ. Muqtadir fi fóònù padà sápò.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Jíbrílù wo ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin tó ti ẹnu rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á. Ojú tì í. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ nídìí igi, ó sì rí ohun kan. Ó pe Adolphus, ó ní kó wo ibi tí wọ́n gé náà dáadáa: ojú mẹ́ta ló dúdú, ẹ̀kẹrin mọ́ fínnífínní. Bí wọ́n bá la ìtì náà láàárín ọkàn, kí wọ́n fi apá kan dáná, apá kejì á fún un ní pákó fífẹ̀ tí kò rí irú rẹ̀ rà mọ́ láti ọjọ́ yìí. Adolphus gbé òòfà síbẹ̀, òòfà kò mira. Ó tún gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ àgbọ̀n rẹ̀, àmì tó dára ni, Jíbrílù mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti wà lábẹ́ òun.

Àsìkò yẹn ni Hàwáwù sọ̀rọ̀. Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn, ìyàwó tó ń fi ọkọ rẹ̀ yangàn ni.

"Ṣé ẹ ti gbàgbé ni, Bàbá Azeemah? Ojú tiwa nìyẹn. Ìṣó yín wà níbẹ̀."

Ọwọ́ Adolphus kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní bí ìṣó bá ti wọlé jìnnà, òòfà lè má gbọ́ ọ. Jíbrílù ní bóyá ó tilẹ̀ ti dógùn-ún tán nínú igi. Adolphus rẹ́rìn-ín, ó ní ẹnu Jíbrílù fúnra rẹ̀ ni òun ti gbọ́ ọ pé ìṣó inú igi kì í kú. Ìṣó kan sì tó láti pa ayùn kan. Ó ń bá wọn kẹ́dùn, àádọ́jọ náà ni.

Kò sí ẹni tó pariwo. Muqtadir rọra sọ fún Màmá pé òun á wá gbé e lọ́jọ́ Sátidé. Màmá kò bá a jiyàn, àdéhùn ni àdéhùn. Ó kàn ní kí Hàwáwù bá òun mú bútà àlùwàlá òun wọlé, kí wọ́n má gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń di ẹrù. Bútà aláwọ̀ ewé kan ni, ẹnu rẹ̀ ti ṣán, gbogbo àárọ̀ ló sì máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí àwọn tó ń kọjá ti ń rí Màmá kí. Hàwáwù mú un. Jíbrílù wo bútà náà tó ń wọlé lọ, àánú Màmá ṣe é.

"Kò sí ìṣó níbẹ̀," ó ní. "N kò kan ìṣó kankan."

Hàwáwù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ó ti gbàgbé ni, ọjọ́ ti pẹ́.

"N kò gbàgbé. Àgbò ọdún yẹn, n kò sanwó rẹ̀. Mo dá a padà fún ẹni tó ni ín."

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Lọ́dún tó fẹ́ Hàwáwù, ọ̀gá wọn ní ilé ìlagi kò san owó oṣù. Ó bẹ málàm tó ń ta àgbò pé kó fún òun ní ọ̀kan, òun á sanwó kí Iléyá tó dé. Ó fà á wá, gbogbo ilé rí i, ó so ó mọ́ òpó okùn aṣọ. Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, àwọn obìnrin ti lọ ra nǹkan Iléyá ní Ìdúmọ̀tà, ó sì dúró síwájú ọ̀gànwó, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìṣó lọ́wọ́ òsì. Ìṣó gígùn kan ni, onígun mẹ́rin, orí rẹ̀ wọ́ sápá kan, ilé ìlagi ló ti mú un wá. Ó gbé òòlù sókè, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Ìṣó yẹn wà fún ẹni tó ti ṣe ojúṣe rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò sì gbà á. Ó gbé ìṣó náà sójú fèrèsé, ó ní bí owó bá dé, òun á kàn án. Owó kò dé. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó fa àgbò náà jáde, ó ní àáfà ilé bàbá òun ló máa pa á. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ẹran wá. Nígbà tó padà sídìí fèrèsé, kò bá ìṣó rẹ̀ mọ́, ó rò pé àwọn ọmọdé ti fi ṣeré. Hàwáwù bi í bóyá ó ti kan ìṣó tiwọn. Ó ní òun ti kàn án, òun kàn án títí orí rẹ̀ fi wọ inú èèpo.

Irọ́ kékeré ni nígbà náà. Lọ́dún kejì, owó wà, ó ra àgbò tó ga ju ti gbogbo àna lọ, ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe kan ìṣó àkọ́kọ́ níbi tó ti ní òun kan ọ̀kan sí, tí èèpo kò sì ní àpá kankan? Ló bá so àgbò mọ́ òpó géètì, ó ní ẹni tí igi ń bọ́ kò yẹ kó máa kan ìṣó mọ́ igi tútù lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, wọ́n yìn ín fún un. Láti ọdún náà ni ẹnu géètì ti di ibi ìdúró rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Jíbrílù tilẹ̀ sáré gan-an, ó gba ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Hàwáwù gbé bútà kalẹ̀. Ó dùn ún, ẹni tó bá wojú rẹ̀ á mọ̀, torí gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ti fi ìṣó yẹn yangàn fún.

"Ẹran tí mo jẹ ńkọ́?" ó bi í.

Jíbrílù ní ẹran màlúù ni, Èbúté Èrò ni òun ti rà á.

"Abájọ," Hàwáwù ní. "Mo jẹ ẹ́ títí, mo ní irú àgbò wo ló le báyìí."

Muqtadir ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Hàwáwù náà kò sì lè mú un mọ́ra mọ́. Màmá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó ní òun ti mọ̀, láti ọjọ́ tí àgbò náà ti jáde. Òun wà nínú yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ tí Jíbrílù gbé òòlù sókè, òun sì rí i pé kò sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ọmọ mi ni mo ń wá ọkọ fún," ó ní. "N kò wá àgbò."

Adolphus ti padà sídìí igi, ó dọ̀bálẹ̀ lé ìtì náà, ó ń fi ojú tọ apá tó mọ́ yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò láyà. Ó ní òun ti rí ẹni tó purọ́ kí igi rẹ̀ lè tà, òun kò tíì rí ẹni tó dójú ti ara rẹ̀ níwájú àna nítorí pákó. Ó na téèpù sí Jíbrílù. Ó ní kó dá owó náà fúnra rẹ̀, iye tó bá dá, òun kò ní ná an, àfi pé bí ayùn bá pàdé irin ní apá yẹn, Jíbrílù ni yóò ra ayùn.

Jíbrílù gba téèpù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó sún mọ́ ọ̀gànwó náà, ó fọwọ́ kàn án, ó wọ̀n ọ́n ní gígùn, ó wọ̀n ọ́n ní fífẹ̀, ó yọ apá tí ìṣó ti bà jẹ́ kúrò, ó yọ owó ọmọlanke, ó yọ ihò tó wà nínú èyí tó wá láti àárín. Ó lè sọ pé ẹgbẹ̀ta, Adolphus á sì san án. Muqtadir tilẹ̀ ń fi ojú sọ fún un pé kó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ ti sú u lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún, kò lé, kò dín. Adolphus ní ohun tí òun náà ní lọ́kàn gan-an nìyẹn. Màmá ní kí ẹnì kan bá òun gbé bútà òun padà síta.

Wọ́n la igi náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Adolphus pe Jíbrílù lórí fóònù, ó gbé fóònù sídìí ẹ̀rọ kó lè gbọ́ bí ayùn ṣe ń lọ geere láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò pàdé irin kankan.

Ní ọjọ́ tó ṣíwájú Iléyá, páànù tuntun ti ń dán lórí yàrá Màmá nígbà tí Jíbrílù fa àgbò rẹ̀ wọ agbo ilé. Ó ti san gbogbo owó rẹ̀, Hàwáwù sì ti gba rìsíìtì wò. Ó ń lọ síbi òpó géètì bí ìṣe rẹ̀ nígbà tí Màmá pè é láti ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ Azeemah, Bàbá Azeemah ni Màmá ń pè é. Lọ́jọ́ yìí, orúkọ rẹ̀ ló pè.

"Jíbrílù, ọmọ mi, kùkùté yẹn kò sí fún títà."

Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú nǹkan kan jáde, ó fi í lé e lọ́wọ́. Ìṣó ni, gígùn, onígun mẹ́rin, ó ti pọ́n fún ìpẹtà, orí rẹ̀ sì wọ́ sápá kan.

"O gbàgbé rẹ̀ sójú fèrèsé mi," Màmá ní.

Jíbrílù wò ó títí, omi lé sí i lójú, kò sì fi pamọ́. Muqtadir lọ mú òòlù wá. Hàwáwù fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ojú tirẹ̀ lára kùkùté, èyí tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Adolphus, tó ti wá pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ láti bá wọn ṣọdún, kọjú sí ògiri nígbà tí òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó ní òun kò lè wo ohun tí wọ́n ń fi ojúlówó igi ṣe. Jíbrílù kan ìṣó náà títí tó fi dúró ṣinṣin, ó so àgbò rẹ̀ mọ́ ọn, Hàwáwù sì lọ bu omi wá fún àgbò.